Ohun tí ó ń lé àlejò kúrò ní ojú òpó ẹgbẹ́

 

Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ìpè nìkan ni ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣe. Lónìí, inú fóònù kan náà ni ẹni tí ó fẹ́ ra kajú, kọfí tàbí gaàrí ti ń wá ẹni tí yóò tà á fún un. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń dá ojú òpó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi ń ṣe é. Bí àlejò bá dé ibẹ̀ tí ó sì pẹ̀yìn dà kí ó tó mọ ohun tí a ń tà, owó náà ti ṣòfò, oníbàárà náà yóò sì gba ọ̀dọ̀ alágbàtà lọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwọn àṣìṣe tí ó máa ń lé àlejò lọ, kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ lè dá wọn mọ̀ kí wọ́n tó sanwó fún ẹni tí ó ṣe ojú òpó.

Ojú òpó kò yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rántí àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹgbẹ́ wọn jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ọjà inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, óòtì àti àbẹ́là lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ohun tí ó mú ènìyàn wá ni pé ọjà wọn kò ní àdàlù, ìwọ̀n wọn sì pé. Ohun tí àlejò bá wá ni ó ń bá pàdé. Òfin yìí náà ni ó yẹ kí á fi yẹ ojú òpó wò: ṣé ó ń fún àlejò ní ohun tí ó wá, àbí ó ń kọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ná? Ohun tí ó máa ń gbà ni dátà rẹ̀, àkókò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni ojú òpó tí ó wúwo jù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Àwòrán kan tí a fi fóònù òde òní yà lè tó 4MB. Bí a bá kó irú rẹ̀ 10 sí ojú ewé kan, 40MB ni àlejò yóò fi ṣí i. Ẹni tí ó ra dátà 1GB kò lè ṣí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 25 lọ tí dátà náà yóò fi tán. Bí ẹni tí ó ṣe ojú òpó bá dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí 150KB, tí ojú sì lè rí i dáadáa síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ní ju 1.5MB lọ, 1GB kan náà yóò ṣí i ju ìgbà 600 lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń fi àwòrán ńlá jẹ dátà àlejò, owó gidi ni ó ń yọ lápò rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boo.com bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ, wọ́n sì fi àwòrán tí ń yí àti oríṣiríṣi àrà kún ojú òpó náà. Ṣùgbọ́n wáyà tẹlifóònù ilé, tí ó lọ́ra, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Wọ́n dúró títí, ó sú wọn, wọ́n lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ìnákúnàá àwọn olórí rẹ̀ wà lára ohun tí ó fa á, ṣùgbọ́n ojú òpó tí kì í tètè ṣí kò jẹ́ kí oníbàárà dúró.

Àṣìṣe kejì ni kí á fi ohun tí àlejò wá pamọ́ sábẹ́ ohun tí àwa fúnra wa fẹ́ sọ. Ẹ ó rí ojú òpó tí àwòrán alága àti ọ̀rọ̀ ìkíni gígùn gba gbogbo iwájú rẹ̀, tí ìtàn ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, tí iye owó gaàrí sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà lókè ojú ewé àkọ́kọ́: ohun tí a ń tà tàbí iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe, iye owó rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ iye náà, àti nọ́ńbà fóònù tí ènìyàn yóò gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn ẹgbẹ́ yóò wá a nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀.

Àṣìṣe kẹta ni kí á ti ilẹ̀kùn kí àlejò tó rí ọjà. Àwọn kan á ní kí ó kọ orúkọ, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó rí ohunkóhun. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe irú èyí nígbà tí wọ́n ṣí HealthCare.gov ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013. Ẹni tí ó fẹ́ wo iye owó ètò ìlera gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì. Èrò pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò sì gún régé. Ènìyàn 6 péré ni ó rí ètò gbà parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú ọjà wa, ta ni í béèrè orúkọ oníbàárà kí ó tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan iṣu? Ẹ jẹ́ kí ó wo ọjà tán ná.

Irú rẹ̀ kan náà ni pátákó tí ń yọ lójijì bo ohun tí ènìyàn ń kà, àti orin tí ń kọ fúnra rẹ̀. Àlejò kò bẹ̀ wá ní ìkankan nínú méjèèjì.

Àṣìṣe kẹrin ni ojú òpó tí ojú kò lè kà. Orí kọ̀ǹpútà ńlá ni ẹni tí ó ṣe é ti ń wò ó, ṣùgbọ́n fóònù ni ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lábẹ́ oòrùn. Lẹ́tà wínníwínní tàbí lẹ́tà àwọ̀ eérú lórí ilẹ̀ funfun kò ṣeé kà níbẹ̀. Bí àwọn bọ́tìnnì bá fara mọ́ra jù, àtàǹpàkò yóò tẹ èyí tí a kò fẹ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni Google ti ń gbé ojú ewé tí ó bá fóònù mu sí iwájú nígbà tí ènìyàn bá fi fóònù wá nǹkan. Ẹ kíyè sí èdè wa náà. Bí irú lẹ́tà tí wọ́n lò kò bá ní ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn, àpótí kéékèèké ni yóò hàn níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbẹ́ tí ń ta ọkọ́ kò ní fẹ́ kí á rò pé ọkọ̀ ni òun ń tà.

Àṣìṣe karùn-ún ni ojú òpó tí a dá sílẹ̀ tí a sì pa tì. Iye owó tí ó ti yí padà, nọ́ńbà tí kò lọ mọ́, ìkéde ìpàdé tí ó ti kọjá lọ́dún méjì: àwọn wọ̀nyí ń sọ fún àlejò pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Bákan náà, láti oṣù Keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì ojú òpó tí kò lo https pé kò ní ààbò. Ta ni yóò san owó níbi tí ó ti ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀?

Báwo wá ni ìgbìmọ̀ yóò ṣe yẹ iṣẹ́ yìí wò? Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ọdún 2015, Facebook ṣètò wákàtí kan lọ́jọ́ Túsìdeè tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè fi lo íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lọ́ra bíi ti 2G, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú àwọn ẹlòmíràn ń rí. Jakob Nielsen, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ yìí, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé bí a bá fi ènìyàn 5 dán ojú òpó wò, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àbùkù rẹ̀ ni yóò hàn. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ 5 tí wọn kò rí i rí, kí fóònù wọn jẹ́ fóònù olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì wà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹgbẹ́ yìí ń tà? Èló ni? Ta ni ẹ ó pè? Ẹ má ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ti dúró ni ibi tí oníbàárà yóò ti pẹ̀yìn dà. Kí á tún ibẹ̀ ṣe kí á tó san owó tí ó kù.

Lẹ́yìn èyí, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé orúkọ ẹgbẹ́ ni a fi gba àdírẹ́sì ojú òpó, kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin tí ó ṣe é. Àdírẹ́sì tí ó parí sí .ng wà fún Nàìjíríà. Èyí tí ó parí sí.coop wà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìkan. Kí akápò kọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tún pé sílẹ̀, kí ó sì fi sínú ètò ìnáwó ọdún. Kí á yan ẹnì kan tí yóò máa tún iye owó ọjà kọ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń yẹ òṣùwọ̀n wò kí ọjà kajú tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí á máa yẹ ojú òpó wò. Òṣùwọ̀n tí kò pé ń lé oníbàárà ní ojúkojú. Ojú òpó tí kò dára ń lé e láìjẹ́ pé a mọ̀ pé ó wá.