Kí Ló Ń Pa Iná Ọjà Ìpàta?

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo fẹ́ bá yín sọ, inú ọjà ni mo sì fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàta ní Ìlọrin ní òwúrọ̀, ẹ ó rí àwọn alápatà pẹ̀lú ẹran tútù, ẹ ó rí ata àti tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Bí iná bá lọ, ẹni tó ń lọta yóò tan ẹ̀rọ elépo, owó tí yóò gbà lọ́wọ́ ìyá tó gbé ata wá yóò sì fò sókè. Ti alápatà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran tí kò tà lónìí, bí kò bá sí yìnyín tí yóò fi pa á mọ́, kò lè tà á ní iye kan náà lọ́la.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé Jẹ́bà kò jìnnà sí Ìlọrin, bí 100 kìlómítà péré ni. Ibẹ̀ ni a ti dí Odò Ọya, tí omi ń yí ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà tí a ṣí lọ́dún 1985. Lókè rẹ̀ ni Kàìnjì wà, tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1964, tí a sì ṣí i lọ́dún 1969. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò: bí ó bá ti yí ẹ̀rọ Kàìnjì tán, a sọ̀kalẹ̀ wá yí ti Jẹ́bà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ èyí: ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọya máa ń kún dé Kàìnjì lọ́dún. Ìkún àkọ́kọ́ ni ti òjò agbègbè tó sún mọ́ wa, erùpẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, a sì ń pè é ní omi funfun. Ìkejì ti òkè Fútà Jalọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Gínì wá. Ó rọra gba ilẹ̀ Málì kọjá, ó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí òjò tiwa ti dá tipẹ́. Òun ni omi dúdú.

Bí omi bá ń ṣàn báyìí nítòsí wa, kí ló dé tí iná Ìpàta fi ń lọ nígbà tí gáàsì bá wọ́n ní ìhà etíkun?

Ìdí rẹ̀ ni pé iná Jẹ́bà kì í ṣe ti Ìlọrin nìkan. A ti so gbogbo ibùdó iná ńláńlá ilẹ̀ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ara wọn. Iná tó kúrò ní Jẹ́bà ń gba Gánmọ̀ lẹ́bàá Ìlọrin lọ sí Òṣogbo, ó sì dàpọ̀ mọ́ ti Ẹgbin àti ti Sapẹlẹ bí ìṣàn ṣe ń dàpọ̀ mọ́ odò. Èyí tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta iná yìí, gáàsì ni a fi ń dá a.

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n gbé ìtì igi kan lé èjìká, tí wọ́n ń rìn, tí ẹsẹ̀ wọn bára mu. Bí mẹ́ta bá ṣàdédé yọ èjìká kúrò, ẹrù wọn di ti àwọn méje. Bí wọn kò bá tètè gé nínú igi náà, wọn yóò sọ ọ́ nù kí ó má bàa pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti iná. Gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí ló ń rìn ní ìgbésẹ̀ kan, ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gáàsì bá já, tí ibùdó méjì mẹ́ta dákẹ́, ìgbésẹ̀ àwọn yòókù a fà, wọ́n a sì já ara wọn kúrò kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Ilẹ̀ a ṣú láti Èkó dé Kánò. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn oníwèé ìròyìn ka irú èyí ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kí ó má bàa dé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pa iná àdúgbò kan kí ti òmíràn lè wà. Ìyẹn ni gígé tí wọ́n ń gé igi náà kúrú. Ní ọjọ́ tó bá kan Ìpàta, omi Jẹ́bà kò dúró, síbẹ̀ òkùnkùn ni.

Ṣé gáàsì wa ti tán ni? Rárá o. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí gáàsì inú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Ṣùgbọ́n gáàsì kò dà bí epo pupa tí a lè rọ sínú kèrègbè kí a gbé e rù. Inú páìpù ni ó ń rìn, bí ẹnì kan bá sì dá páìpù náà lu, ibùdó tó wà níwájú yóò dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ gáàsì ni ó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú kànga kan náà. Epo tí a rí ní Olóìbírì lọ́dún 1956 ti di nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ àgbá lójúmọ́ nígbà tó fi di 2005. Ní September 2022, kò tó mílíọ̀nù kan mọ́. Olè ń fa epo nínú páìpù, kànga ń gbó, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè sì ń ta èyí tó wà lórí ilẹ̀; Shell parí títa tirẹ̀ ní March 2025. Epo ti gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2022, kò sì tíì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kànga epo bá dákẹ́, gáàsì inú rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a sì fi ń sun irú gáàsì yìí dànù lójú ọ̀run. Ní tèmi o, n kò mọ ìnákúnàá tó ju ìyẹn lọ ní ilẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Láti 1999 ni a ti ń fi ọkọ̀ kó gáàsì láti Bonny lọ tà ní òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì ń san. Ibùdó iná tiwa nílé, àwìn ni. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí àwìn ń ṣe sí ọjà! Lọ́dún 2025, àwọn tó ń dá iná ní gbèsè tí a jẹ wọ́n ti tó nǹkan bí 4 tírílíọ̀nù náírà.

Iná tí a ń rí pín kì í sábà ju 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Mẹ́gáwáàtì kan lè tan gílóòbù 10,000 tó jẹ́ ti 100 wáàtì. Gílóòbù mílíọ̀nù 50 nìyẹn, fún àwa tí a lé ní mílíọ̀nù 200: gílóòbù kan fún ènìyàn mẹ́rin, láìtíì fún ẹ̀rọ ìlọta ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn fi ṣe àwàdà pé “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ” ni ó ń dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti dá owó ìrànwọ́ epo dúró ní May 2023, lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí.

Nítorí náà ni àwọn ọlọ́jà fi ń wo oòrùn. Ní ọjà Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, a ti fi iná oòrùn sí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn bá ẹ̀rọ ìlọta mu, nítorí ọ̀sán ni a ń lọta. Ti ẹran ló le, nítorí òru: bátìrì tí yóò gbé fíríìjì di òwúrọ̀ wọ́n gidigidi. Àwọn alápatà tó bá dáwó jọ ra ẹ̀rọ tó ń dì yìnyín, tí wọ́n ń fi oòrùn ọ̀sán yí i, kò ní nílò bátìrì ńlá, nítorí yìnyín tí a dì ní ọ̀sán, tí a kó sínú àpótí tó dé dáadáa, yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.