Èròǹgbà Ṣíwájú Ìkànnì: Ìlò Àyọkà Aláìlámì-Ohùn Nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí yóò lo ohun-èlò orí ayélujára, èròǹgbà ni ó yẹ kí ó ṣíwájú ìkànnì. Bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ wá ìkànnì, ìkànnì ni yóò máa darí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọtọ́ fi èyí hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ àyọkà Yorùbá orí ayélujára ni kò ní àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kà wọ́n láìsí ìtọ́sọ́nà lè gbà pé àmì kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí èròǹgbà bá jẹ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé iṣẹ́ àmì, àbùkù yìí gan-an di ohun-èlò. Olùkọ́ yóò mú ìpínrọ̀ kan, yóò sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí i ní méjì-méjì. Ẹni tí ó bá kan “oko” gbọ́dọ̀ fi àyíká ọ̀rọ̀ pinnu bóyá oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni. Àlàyé tí wọ́n bá ṣe ni kí olùkọ́ gbé máàkì lé, kì í ṣe àmì nìkan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi ojú-ìwé kan nínú ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè T. J. Bowen (1858), tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, wé àkọtọ́ 1974.

Nítorí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó yẹ kí olùkọ́ ti tẹ àwọn ojú-ìwé náà sórí bébà ṣáájú. Ètò tí ó bá dúró lórí èròǹgbà kò ní wó bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.