Lílo Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Pẹ̀lú Àwòṣe Ilé Alálàyé Nínú Ìṣètò Ilé Kíkọ́

Ìfáàrà

Kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ilé ti gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ayàwòrán ilé ń ṣe ni pé yóò ya bí ilẹ̀ ilé yóò ṣe rí láti òkè, yóò ya iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì ya inú rẹ̀ bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Bí onílé bá ní kí a sún ilẹ̀kùn kan sí apá òsì, ẹni tó ń yàwòrán gbọ́dọ̀ rántí gbogbo ibi tí ilẹ̀kùn náà ti fara hàn, kí ó sì tún wọn ṣe níkọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá gbàgbé ni wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé káfíńtà lè máa wo àwòrán kan kí bíríkìlà máa wo òmíràn.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ọ̀nà ìgbàlódé tí wọ́n fi ń yẹra fún irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó sì wo ohun tí ọgbọ́n àtọwọ́dá fi kún un. Èrò wa ni pé ohun tó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fojú sí jù lọ ni àwọn àfojúsùn tí ènìyàn là sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, nítorí pé inú wọn ni rere àti búburú ilé náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwòṣe ilé alálàyé

Ohun tí Òyìnbó ń pè ní Building Information Modelling, tí wọ́n gé kúrú sí BIM, ni a pè ní àwòṣe ilé alálàyé nínú iṣẹ́ yìí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi pe bíìmù tí àwọn bíríkìlà ń dà sórí òpó, ìró orúkọ nìkan ló jọra.) Nínú àwòṣe yìí, ògiri kì í ṣe ìlà méjì tí a fà sórí ìwé. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá mọ̀ ọ́n ní ògiri: ó mọ bí ó ṣe nípọn tó, ohun tí a fi mọ ọ́n, iye owó rẹ̀, yàrá tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, àti fèrèsé tó wà lára rẹ̀. Bí a bá sún ògiri náà, fèrèsé rẹ̀ yóò bá a lọ, ìwọ̀n yàrá yóò yí padà, iye búlọ́ọ̀kù tí a ó rà náà yóò sì yí padà. Inú àwòṣe kan ṣoṣo yìí ni gbogbo àwòrán tí a bá tẹ̀ jáde ti ń wá. Ó wá ṣòro kí wọ́n tó ta ko ara wọn.

Èrò yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland fi iṣẹ́ rẹ̀, Sketchpad, hàn pé ènìyàn lè bá kọ̀ǹpútà yàwòrán lójúkojú. Ní ọdún 1975, Charles Eastman ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí ètò kan tó pè ní Building Description System, nínú èyí tí àpèjúwe ilé tó wà nínú kọ̀ǹpútà yóò gba ipò àwòrán orí ìwé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìjọba tó sọ ọ́ di dandan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba Ìlú Ọba ti ń béèrè rẹ̀ fún iṣẹ́ ilé tí owó ìjọba àpapọ̀ wọn bá wọ̀. Singapore ti ṣáájú wọn: nígbà tó fi máa di ọdún 2015, ilé tuntun tó bá tóbi ju 5,000 mítà níbùú lóròó lọ gbọ́dọ̀ ní irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọlé

Àwòṣe alálàyé mọ ohun tó wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò lè dábàá èyí tí ì bá sàn jù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wọlé. Àpẹẹrẹ tó fi èyí hàn dáadáa ni ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ Autodesk ṣí ní Toronto, ní Kánádà, ní ọdún 2017. Àwọn ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ The Living, tí David Benjamin jẹ́ olórí wọn, ni wọ́n ṣètò inú rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò: ta ni o fẹ́ wà nítòsí rẹ̀? Irú ibi wo lo ti lè ṣiṣẹ́ dáadáa? Láti inú ìdáhùn wọn ni wọ́n ti fa àfojúsùn mẹ́fà yọ. Wọ́n fẹ́ kí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí ara wọn. Kí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà bá bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Kí ibi ìpàdé òjijì wà tí ènìyàn yóò ti máa bá ara wọn pàdé. Kí ariwo má dí oníṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Kí a sì lè rí ìta láti ibi ìjókòó.

Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ náà lò ni èyí tí John Holland gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1975, tó fi wé bí ẹ̀dá ṣe ń bímọ tí ìran sì ń yí padà. Àgbẹ̀ wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí àgbàdo bá gbó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni à ń sè jẹ. Àgbẹ̀ yóò ṣa ṣùkù tó yọmọ dáadáa sọ́tọ̀, òun ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni irúgbìn rẹ̀ ń dára sí i. Bákan náà ni ẹ̀rọ yìí ṣe. Ó da ọ̀pọ̀ ètò ọ́fíìsì sílẹ̀, ó fi àfojúsùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pa èyí tó dára mọ́, ó mú apá kan lára ètò kan pọ̀ mọ́ apá kan lára òmíràn, ó yí i padà díẹ̀, ó sì tún wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, ètò tí ẹ̀rọ ti yẹ̀ wò ti tó 10,000. Ayàwòrán tó bá ń ya ẹyọ kan lójúmọ́ láìsinmi yóò lò ju ọdún 27 lọ kó tó ya iye yẹn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kọ́ ló yan èyí tí wọ́n lò. Àwọn àfojúsùn náà ń bá ara wọn jà. Bí a bá kó gbogbo ènìyàn sẹ́bàá fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ yóò fọ́n ká. Bí ibi ìpàdé òjijì bá pọ̀, ariwo yóò pọ̀. Ètò kan kò lè borí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ènìyàn ló jókòó ti àwọn tó dára jù, tó sọ pé èyí ni a lè fara mọ́ ohun tí a pàdánù nínú rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo àwọn àfojúsùn náà. Owó ìkọ́lé kò sí láàrin wọn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ ní Toronto, níbi tí òtútù àti òkùnkùn ìgbà ọ̀gìnnìtìn ti ń mú kí ènìyàn máa wá oòrùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àfojúsùn yìí kan náà wá sí Ìbàdàn láìyí i padà, ẹ̀rọ yóò máa fi ìdùnnú la fèrèsé ńláńlá sí ìwọ̀-oòrùn, ooru ọ̀sán yóò sì lé àwọn tó wà nínú yàrá jáde. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe. Ohun tí a ní kí ó wá ló wá.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí à ń pè ní ọlọ́gbọ́n ló ń kẹ́kọ̀ọ́. Ti Toronto yìí ń wá kiri ni, kò kọ́ nǹkan kan lára ilé àtijọ́. Oríṣi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́tọ̀, ó sì wúlò fún ìforígbárí ohun èlò: nígbà tí páìpù omi bá gba inú òpó kọjá nínú àwòṣe, ẹ̀rọ lè rí i. Ìṣòro ni pé ìforígbárí tí yóò kà jáde nínú ilé ńlá lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì já mọ́ nǹkan kan. Bí a bá fi ìdájọ́ tí àwọn ẹnjiníà ti ṣe sẹ́yìn kọ́ ẹ̀rọ, ó lè ya pàtàkì kúrò lára yẹpẹrẹ. Àwọn kan tún ti ń lo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè ènìyàn láti bi àwòṣe ní ìbéèrè. Ó yá, ṣùgbọ́n ó lè fi ìgboyà dá irọ́ sílẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ padà sínú àwòṣe lọ yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò.

Ohun tí àwòṣe kò lè rí

Ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ̀ ju ohun tí a kọ sínú àwòṣe lọ. Bí ayàwòrán kan bá pe ògiri ní ògiri, tí èkejì sì pè é ní «ohun èlò 7», ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ohun méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìlànà IFC, èdè àjọlò láàrin àwọn ètò kọ̀ǹpútà ìkọ́lé, tí àjọ ISO sì sọ ọ́ di ìlànà àgbáyé ISO 16739 ní ọdún 2013.

Èyí tó burú jù ni pé ilé tó wà nínú àwòṣe lè yàtọ̀ sí ilé tó wà lórí ilẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. A kò mẹ́nu ba èyí láti dájọ́ ohun tó fà á. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí àwòṣe tó lè mọ̀ pé sìmẹ́ńtì kò tó nínú kọnkéré, tàbí pé irin tí wọ́n rà tín-ín-rín ju èyí tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀ lọ, àfi bí ẹnì kan bá lọ síbẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi òtítọ́ kọ ọ́ wọlé. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n yangàn lórí iṣẹ́ tí kò sí alábòójútó níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni.

Nínú kíláàsì

Olùkọ́ kò nílò kọ̀ǹpútà kó tó kọ́ni ní ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà, kí wọ́n sì ya ètò mẹ́rin tó yàtọ̀ síra fún un. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi máàkì sí afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, owó, àti bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ṣe lè rí pátákó. Kí ẹgbẹ́ kan sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta, kí òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀ fún afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀. Ètò tó borí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan lè máà borí lọ́dọ̀ èkejì, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà ni gbogbo wọn wọ̀n. Kí olùkọ́ má ṣe sọ èyí tó tọ̀nà títí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi ka ìdí tó fi fi máàkì rẹ̀ síbi tó fi í sí, tí àwọn yòókù yóò sì ti bi í léèrè ẹni tí yóò jókòó sínú ooru nítorí rẹ̀.