Ọgbà Ewé Tí A Fi Àwọ̀ Tò

Ní Ìjerò, Arámọkọ, Ẹ̀fọ̀n àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dé ẹ̀yìnkùlé àgbẹ̀ kí ó má rí ewúro tàbí efinrin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí olúkúlùkù ewé bá ti hù ni a ń fi í sílẹ̀ sí. Ìyá ilé mọ ibi tí wọ́n wà. Ọmọ tí a rán lọ já wọn kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni ó ṣe dára kí a fi àwọ̀ to ọgbà, nítorí àwọ̀ a máa tètè yé ọmọdé ju orúkọ ewé lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tí a ń pè ní Gertrude Jekyll tẹ ìwé jáde ní ọdún 1908 lórí bí a ti ń fi àwọ̀ to ọgbà òdòdó. Ẹwà ni òun ń wá. Àgbẹ̀ Èkìtì lè wá ẹwà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ìlera ṣáájú. Àwọ̀ mẹ́ta tí àwọn baba wa fi ń pe ohun gbogbo, èyíinì ni dúdú, pupa àti funfun, tó fún iṣẹ́ yìí.

Ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tó fún ilé kan. Kí a kọ ebè gígùn mẹ́ta sí i, kí a sì fi poro sí àárín wọn fún ìrìn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, kí a kọ ebè ní ìdábùú òkè, kí àgbàrá má baà gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ. Kí a gbin koríko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú.

Ebè dúdú ni ti ewúro, efinrin, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre. Igi ewúro ni a ń gé gbìn. Kí ó wà ní ìpẹ̀kun ebè, nítorí a máa ga. Ebè pupa ni ti ìṣápá pupa, ṣọkọ pupa àti ata ilẹ̀ pupa. Òòrùn ni ó ń mú kí ewé pupa pọ́n dáadáa. Nínú ibòji, àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣá. Ebè funfun ni ti ìṣápá funfun, òdúndún àti rinrin. Kí rinrin wà ní abẹ́ ibòji ewúro, níbi tí ilẹ̀ ti tutù.

Ebè dúdú ni kí a bọ̀wọ̀ fún jùlọ. Nínú ewé tí ó dúdú dáadáa ni àwọ̀ kan tí ó pọ́n rúsúrúsú fi ara pamọ́ sí, irú èyí tí ó wà nínú epo pupa. Ara ènìyàn a máa sọ ọ́ di fítámì A. Ọmọ tí kò bá rí i tó lè má ríran mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, bí ó bá sì pẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́. Kí a se ẹ̀fọ́ náà pẹ̀lú epo díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jó epo títí yóò fi funfun, nítorí bí àwọ̀ rẹ̀ ti ń lọ ni oore náà ń bá a lọ.

Síbẹ̀, àwọ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ọ̀dọ́ ewé lápálápá pupa rẹwà púpọ̀, ó sì lè wu ènìyàn láti gbìn ín sí ebè pupa. Kí a má ṣe é. Èso rẹ̀ àti ti lápálápá funfun tí a fi ń ṣe ọgbà yíká ilé ní oró. Ti funfun a sì máa dùn lẹ́nu ọmọdé bí ẹ̀pà. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ, kí a sì mú èso náà dání. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a má ṣe rò pé ohun tí ó pupa ni ẹ̀jẹ̀. Aboyún tí ojú rẹ̀ funfun, tí ó sì ń mí gúlegúle, kí ó lọ rí dókítà. Omi ìṣápá pupa nìkan kò tó fún un.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin ni kí a gbìn. A lè kọ́kọ́ já tẹ̀tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ata ilẹ̀ pupa a máa dúró de ọyẹ́; bí ewé rẹ̀ bá gbẹ, kí a wú u. Kí bàbá àti ìyá mú àwọn ọmọ rìn nínú poro náà, kí wọ́n fi ojú mọ ewé, kí wọ́n fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì yóò já oró wá sílé.