Ẹ̀kọ́ Èdè Kì Í Ṣe Àbọ̀ Ẹni Tí A Lé Kúrò Níbòmíràn

Bí ènìyàn bá dúró ní ìdíkọ̀ Agric ní Ìkòròdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, tí wọ́n ń du ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí ó bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́, ìdáhùn wọn kò ṣòro láti mọ̀ ṣáájú. Ọ̀kan yóò ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Èkejì yóò ní ètò ọrọ̀-ajé ni. Ẹ̀kẹta yóò ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Orí wọn a wú bí wọ́n ti ń wí i. Ṣùgbọ́n bí a bá bá ẹnì kan pàdé láàárín wọn tí ó ń kọ́ bí a ti í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ, ohùn jẹ́jẹ́ ni yóò fi sọ ọ́, yóò sì tètè fi kún un pé kì í ṣe ohun tí òun yàn nìyẹn, pé ohun tí wọ́n fún òun ni òun gbà.

Ohùn jẹ́jẹ́ yìí ni ó kọ wá lóminú. Òun ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Ọdún 2022 jẹ́ ọdún ayọ̀ fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní ọdún náà ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, sọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ó wà ní Ìkòròdú, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Pólì, di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Láti ọdún 1977 ni a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ìsọlọ̀ ni ó sì wà kí Ìkòròdú tó di ojúkò rẹ̀. Ní ọdún 2022 kan náà ni a so kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Noforíjà ní Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ ti Òtò-Ìjànikin, tí àwọn méjèèjì sì di Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá sì rántí pé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Alhaji Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ti gbé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, a óò gbà pé ọmọ tí a bí sí etí ọ̀sà yìí kò ní láti sọdá afárá kankan kí ó tó di ọ̀mọ̀wé. Kò sí ẹni tí ó rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí Jakande ṣì ń kọ ìwé ìròyìn, kí ó tó di Gómìnà.

Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba ohun kan kí a tó lọ jìnnà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì tí a so pọ̀ yìí, orúkọ àwọn ọmọ agbègbè wa ni wọ́n ń jẹ́. Olóyè Adéníran Ògúnsànyà, ọmọ Ìkòròdú, ògbóǹtarìgì ẹgbẹ́ NCNC, ni ó ni ti Ìjànikin. Sà Michael Otedola, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí ó jẹ́ Gómìnà ní ọdún 1992 sí 1993, ni ó ni ti Noforíjà. Ẹgbẹ́ kan kọ́ ni àwọn méjèèjì ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ dìbò fún èyíkéyìí nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba ń wá orúkọ ẹni iyì tí yóò fi sọ ilé-ẹ̀kọ́, ilé tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó fi orúkọ wọn sọ. Àwọn àgbà mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Àwọn tí ó wà láyé ní oṣù January ọdún 1955 mọ ìdí rẹ̀. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, nígbà tí ìlú Èkó gan-an wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Kò tíì sí ohun tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Èkó títí di ọjọ́ 27 oṣù May ọdún 1967. Nítorí náà, àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Mínísítà rẹ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, gbé kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí iye wọn jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432 ní ọdún 1955. A mọ ògiri, a kan òrùlé, a gbẹ́ bẹ́ǹṣì. Olùkọ́ ni kò tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ rárá ni a kó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìjọba sì sáré dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sílẹ̀ káàkiri kí ohun rere náà má baà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí àwọn alátakò rí bá ètò náà wí nígbà náà, ti olùkọ́ yìí ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Báwo ni nǹkan ti rí lónìí? Ní oṣù July ọdún 2025, àjọ JAMB àti àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ gíga jókòó, wọ́n sì fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tí ó ń wá àyè. Nínú máàkì 400, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì kò gbọdọ̀ gbà dín ní 150. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gbà dín ní 140. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, 100 ti tó o. Ìdá mẹ́rin, ó mú ìdá kan! Òun ni a óò sì fi àwọn ọmọ wa lé lọ́wọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tí ọpọlọ wọn rọ̀ bí ẹ̀tù. A kò bú ẹnikẹ́ni tí ó gba ọ̀nà yẹn wọlé. A mọ àwọn olùkọ́ àtàtà tí ó gbà á. Ẹni tí ó fi òdiwọ̀n náà lélẹ̀ ni a ń bá wí. Àǹfààní kan tí a rí nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Noforíjà ni pé, níwọ̀n bí ó ti di yunifásítì, òdiwọ̀n yunifásítì ni ó gbọdọ̀ máa lò. Kí a má ṣe wá ọgbọ́n dín in kù.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ti èdè nínú ọ̀ràn yìí, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ, owó àti oògùn ni ayé ń wá. A fẹ́ kí wọ́n bá wa rìn dé Ìjẹ̀dẹ́, ní ìhà Ìkòròdú níhìn-ín. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbìn wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, tí a sì kọ́ láti mú 1,320 mẹ́gáwáàtì jáde. Ọmọ tí a bí sí abẹ́ òpó rẹ̀ lè ka ìwé mẹ́wàá, síbẹ̀ kí ó má lè sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó há sórí ni ó mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ ni kò le. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Iná ń se omi. Omi ń di ooru. Ooru ń fi agbára ti abẹ̀bẹ̀ irin ńlá yípo. Abẹ̀bẹ̀ náà ni ó sì ń yí ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ti ń jáde. Gbólóhùn márùn-ún péré ni a fi sọ ọ́. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìwé onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò kà ní ọmọ ogún ọdún kò ní jẹ́ àjèjì sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọrọ̀-ajé. Ọmọ ìyá ẹlẹ́ja tí ó dàgbà sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ti mọ̀ láti kékeré pé bí ẹja bá wọ́n lójú omi, owó rẹ̀ a gbẹ́nu sókè, àti pé bí ó bá pọ̀, iye a wálẹ̀. Nígbà tí ó bá dé yunifásítì, a óò fún un ní ọ̀rọ̀ kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì há a sórí bí ẹni pé ìlú òkèèrè ni ó ti wá.

Ti ìlera ni ó ṣe kókó jù, nítorí pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, kì í ṣe oògùn òyìnbó nìkan ni ó gbé lọ́wọ́. Ó fi àwọn aláìsàn tí orí wọn dàrú wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, kí àwọn ẹbí wọn lè wà pẹ̀lú wọn. Ó sì mú àwọn adáhunṣe mọ́ra, nítorí pé wọ́n mọ bí aláìsàn ti í sọ ìdààmú ọkàn rẹ̀. Ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ náà. Ẹ wá fi wé nọ́ọ̀sì kan tí a kọ́ ní àkọ́yege, tí ìyá arúgbó sì jókòó níwájú rẹ̀ tí ó ń wí pé, “Ọmọ mi, nǹkan kan ń rìn mí lára, ọkàn mi ń já, ojú sì ń ṣú mi.” Bí nọ́ọ̀sì náà kò bá mọ̀yàtọ̀ láàárín kí ọkàn ó já àti kí àyà ó dunni, kí ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fẹ́ ṣe fún ìyá yẹn? Ta ni ó sì yẹ kí ó ti kọ́ ọ, bí kì í ṣe olùkọ́ èdè tí a ti fojú pa rẹ́?

Ohun tí ó tún wá ń bí wa nínú ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá. Ní oṣù November ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù November ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàùsá, kéde pé a ti wọ́gi lé e. Ó ní níbi tí a ti lo èdè abínibí ní àlòjù ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí a ṣe ìlànà yẹn, ọdún 2034 ni yóò tó jókòó fún WAEC. Kò sí bí ìlànà náà ti lè fìdí ẹnikẹ́ni rẹmi ní ọdún 2025. Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1977 ni a ń bá wí, gbogbo olùkọ́ ni ó mọ̀ pé orí ìwé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Ibi tí a ti dán an wò ní tòótọ́ kò jìnnà sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí a fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ìyókù yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tí ó ń yin iṣẹ́ yìí kì í sọ ni pé kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́. Ìlànà tí kò bá ní olùkọ́ lẹ́yìn, àkọsílẹ̀ lásán ni. Bí Mínísítà bá sọ pé olùkọ́ tí ó tó kò sí, à bá gbà fún un.

Kí olúkúlùkù wá yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́ dáadáa, ẹ̀ ń sọ ọmọ náà di aláìlédè méjèèjì. Ẹ̀yin tísà ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ẹ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó fi Yorùbá tọrọ omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Ní ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ti wà nílẹ̀. Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí i ní oṣù February ọdún 2018: kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ sì fi í kún àwọn ẹ̀kọ́ tí ó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Òfin yìí kò sọ pé àwọn tí ó ń kọ́ èdè nìkan ni. Ó kan ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ẹ̀pẹ́. Ó kan ọmọ tí ó ń kọ́ ìṣirò owó ní Ìkòròdú. Kò sì sí ohun tí Àbújá wọ́gi lé tí ó pa á rẹ́.

Nítorí náà, a ń bi àwọn alákòóso yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba. Wákàtí mélòó ni Yorùbá ní lọ́sẹ̀ nínú ètò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín? Ta ni ó ń kọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yín àti àwọn onímọ̀ èdè yín ti jókòó pọ̀ rí, kí wọ́n fún àwọn irinṣẹ́ ní orúkọ tí ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ yóò gbọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ láti ọdún 1984. Ti ẹ̀rọ àti ti ìlera kò yẹ kí ó ṣòro ju ìyẹn lọ. Àyè wà nínú ìwé ìròyìn yìí fún ìdáhùn wọn. Bí wọn kò bá dáhùn, a óò tún béèrè nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá wọlé.