Wọ́n Gba Ife Àgbáyé Bí Ọkùnrin, Owó Wọn Ò Tó Ti Ọkùnrin: Ìtàn Àwọn Obìnrin Kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies níwájú àwọn bàbá wa tó fẹ́ràn eré ìdárayá, orúkọ ọkùnrin ni wọn yóò máa tò kalẹ̀ bí ẹní ń ki oríkì: Garfield Sobers, Clive Lloyd, Vivian Richards, Brian Lara. Kò sí ẹni tó máa dárúkọ obìnrin kankan. Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ná: àwọn obìnrin ilẹ̀ yẹn ti lọ du ife àgbáyé kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1973, nígbà tí ife àgbáyé ti ọkùnrin ò tíì sí rárá. Ọdún 1975 ni ti ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ló wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀?

Ìtàn àwọn obìnrin yìí la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti gba ife àgbáyé rí, wọ́n ti na àwọn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, síbẹ̀ ìgbà tí ọkùnrin bá jẹun tán ni wọ́n máa ń rántí wọn. Ibi tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń gbé èèyàn dé, ẹ máa rí i kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

WEST INDIES KÌ Í ṢE ORÍLẸ̀-ÈDÈ KAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. West Indies kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwọn erékùṣù inú Òkun Caribbean ni, pẹ̀lú Guyana tó wà lórí ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀, Trinidad àti Tobago, St Lucia, Grenada, St Kitts àti àwọn mìíràn. Kálukú ló ní àsíá tirẹ̀. Bó bá jẹ́ eré sísá ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìgbà tó bá di ti kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń di ọmọ ìyá kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nìyẹn.

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé wọn lórí ló gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà, àtàwọn ọmọ ọmọ àwọn ará Íńdíà tó wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, ni wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ. Ní Trinidad, títí di òní olónìí, àwọn kan ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ẹ jẹ́ ká là á yé e ní ṣókí. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi pátákó gbá a. Bó bá gbá a tán tó sáré dé òdìkejì, rọ́ọ̀nù kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù náà bá yí dé ìlà ìpẹ̀kun pápá, rọ́ọ̀nù 4 ni. Bó bá fò kọjá ìlà náà láìkanlẹ̀, ó di 6. Bọ́ọ̀lù 6 tí wọ́n bá jù tẹ̀léra ni wọ́n ń pè ní ovà kan. Ó parí.

JÀMÁÍKÀ LỌ LỌ́TỌ̀, TRINIDAD LỌ LỌ́TỌ̀

Obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rachael Heyhoe Flint, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, òun àti olówó kan tó ń jẹ́ Jack Hayward ni wọ́n jọ dá ife àgbáyé sílẹ̀. Hayward gbé £40,000 kalẹ̀, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ méje jọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1973. West Indies ò sí nínú wọn. Jàmáíkà lọ lọ́tọ̀, Trinidad àti Tobago náà lọ lọ́tọ̀. Ó yẹ kí Jàmáíkà àti New Zealand kojú ara wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 20 oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ife náà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn erékùṣù náà pa ọwọ́ pọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, àwọn obìnrin West Indies kojú Ọsirélíà ní Jarrett Park, ìlú Montego Bay ní Jàmáíkà. Ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Test ni eré náà, òun sì ni àgbà nínú gbogbo kíríkẹ́ẹ̀tì. Louise Browne láti Trinidad ni ọ̀gá wọn. Nínú eré ìgbà náà ni Vivalyn Latty-Scott, ọmọ Jàmáíkà, ti fi bọ́ọ̀lù lé èèyàn márùn-ún kúrò lórí pápá; obìnrin West Indies àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Test nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pàdé Ọsirélíà, kò sì sí ẹni tó na ẹnì kejì.

Ẹ má rò pé Louise nìkan ló ń gbá eré yìí nílé wọn o. Ọmọ ìyá rẹ̀ Beverly gbá a fún West Indies, Ann náà gbá a. Nígbà tó yá, Ann Browne-John yìí kan náà ló wá di olórí àwọn tó ń yan àwọn obìnrin tó máa ṣojú West Indies. Ilé kan ṣoṣo!

Lọ́dún 1976 yẹn kan náà ni wọ́n gbéra lọ sí Íńdíà. Test mẹ́fà gbáko ni wọ́n gbá níbẹ̀. Íńdíà nà wọ́n ní ìlú Patna, níwájú èrò rẹpẹtẹ. Wọn ò sunkún. Wọ́n bá Íńdíà dé ìlú Jammu, wọ́n sì na tiwọn padà. Ọ̀mì ni wọ́n ta nínú àwọn mẹ́rin yòókù. Lọ́dún 1979 wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni nǹkan ò ti dára: nínú Test mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì na méjì.

ÌLẸ̀KÙN TÌ FÚN ỌDÚN 25

Lẹ́yìn 1979, ó tán. Àwọn obìnrin West Indies ò rí Test kankan gbá mọ́ títí di ọdún 2004. Ọdún 25 nìyẹn! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ti dàgbà, ó ti tó gbéyàwó. Ife àgbáyé 1978, wọn ò lọ. Ti 1982, wọn ò lọ. Ti 1988, wọn ò lọ. Ọdún 1993 ni orúkọ West Indies tó kọ́kọ́ wọ ife àgbáyé obìnrin.

Kẹ́ ẹ sì wá wò ó o: ìgbà yẹn gan-an ni kíríkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin West Indies ń jó bí iná ọyẹ́. Láti 1980 títí di 1995, kò sí orílẹ̀-èdè kan tó borí wọn nínú ọ̀wọ́ Test kankan. Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń jẹ ẹran, àbúrò ò rí omi ọbẹ̀.

Test tí wọ́n gbá pẹ̀lú Pàkísítánì ní Karachi lọ́dún 2004 yẹn náà mú ẹnu ṣíṣí wá. Kiran Baluch ti Pàkísítánì nìkan gbá 242, kò sì sí obìnrin tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú Test nígbà náà. Àmọ́ Nadine George, ọmọ St Lucia, dìde, ó gbá 118. Òun ni obìnrin West Indies àkọ́kọ́ tó pé ọgọ́rùn-ún nínú Test. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Test méjìlá lápapọ̀ ni àwọn obìnrin yìí gbá láti 1976 dé 2004: wọ́n borí nínú ẹyọ kan, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́ta, wọ́n ta ọ̀mì nínú mẹ́jọ.

DOTTIN DÉ, ILẸ̀ MÌ TÌTÌ

Nígbà tí eré kékeré ológún ovà tí wọ́n ń pè ní T20 délé ayé, bí ẹní fi ẹja sómi ló rí fún wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ní St Kitts, ọmọbìnrin Barbados kan, ọmọ ọdún 18, Deandra Dottin, dojú kọ South Africa. Bọ́ọ̀lù 38 péré ló fi pé ọgọ́rùn-ún rọ́ọ̀nù. Ó gbá 112, wọn ò sì rí i lé jáde. Kò sí obìnrin tó pé ọgọ́rùn-ún rí nínú T20 láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè kó tó ṣe é. Òun àti Hayley Matthews, tí òun náà jẹ́ ọmọ Barbados, ti máa ń ju ọ̀kọ̀ nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ Caribbean. Abájọ tí apá wọn fi le bẹ́ẹ̀!

Stafanie Taylor ti Jàmáíkà ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fi ṣe agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ lọ́dún 2011. Anisa Mohammed ti Trinidad náà ń bọ̀, ẹni tó lé ọgọ́rùn-ún èèyàn jáde nínú T20 kí ọkùnrin kankan láyé tó ṣe é. Ọdún 2019 ni Lasith Malinga ti Sri Lanka, ọkùnrin àkọ́kọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀.

Lọ́dún 2013, wọ́n wọ àṣekágbá ife àgbáyé onívà 50 ní ìlú Mumbai, abẹ́ Merissa Aguilleira. Ọsirélíà fi rọ́ọ̀nù 114 nà wọ́n. Wọ́n gbé e mì.

ỌJỌ́ TÍ KOLKATA GBÓNÁ

Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2016 lọjọ́ wọn. Pápá Eden Gardens ní Kolkata, àṣekágbá ife àgbáyé T20. Ọsirélíà náà ni wọ́n tún pàdé, àwọn tó ti gba ife náà léraléra lẹ́ẹ̀mẹta. Ọsirélíà gbá 148. Ó tó èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn á fi pa iná tẹlifíṣọ̀n kó lọ sùn. Hayley Matthews, ọmọ ọdún 18, jáde, ó gbá 66 nínú bọ́ọ̀lù 45. Taylor tó jẹ́ ọ̀gá wọn gbá 59. Nígbà tó ku bọ́ọ̀lù mẹ́ta kí ovà tán, West Indies ti pé 149. Wọ́n gba ife!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, lórí pápá yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin West Indies na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba tiwọn. Àwọn obìnrin sáré wọ pápá, tọkùnrin tobìnrin jọ ń jó.

Ó dáa. Ijó ti tán, ẹ jẹ́ ká ka owó. Gbogbo owó ẹ̀bùn tí wọ́n pín fún àwọn ọkùnrin nínú ife àgbáyé náà jẹ́ mílíọ̀nù 5.6 dọ́là. Ti àwọn obìnrin lápapọ̀ jẹ́ 400,000 dọ́là. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ ọkùnrin pọ̀ ju ti obìnrin lọ, 16 sí 10. Àmọ́ ìlọ́po 14 ni owó kan fi ju èkejì lọ! Pápá kan náà, ọjọ́ kan náà, òógùn kan náà.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Ẹgbẹ́ tí wọn ò bá bomi rin nígbà tó ń so, ìgbà tí igi àgbà bá gbẹ ni wọ́n á mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Anisa Mohammed, Shakera Selman àti àwọn ìbejì Kycia àti Kyshona Knight fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan náà. Ẹrù wá wà lórí Hayley Matthews tó ti di ọ̀gá. Kì í ṣe pé kò lè gbé e: ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó gbá 132 ní Sydney, wọ́n sì lé 212 Ọsirélíà bá, wọ́n kọjá rẹ̀. Àmọ́ ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n lọ sí Lahore láti du àyè nínú ife àgbáyé onívà 50. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Scotland ti fi rọ́ọ̀nù 11 nà wọ́n. Wọ́n gbé Matthews jáde lórí pápá nítorí ìrora, ó tún padà wá, ó gbá 114, wọn ò lé e jáde, síbẹ̀ wọ́n pàdánù. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, 19 oṣù kẹrin, Thailand gbá 166. Kí West Indies tó lè gba àyè náà lọ́wọ́ Bangladesh, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a kọjá láàárín bí ovà 10. Matthews gbá 70 nínú bọ́ọ̀lù 29. Chinelle Henry gbá 48 nínú bọ́ọ̀lù 17. Rọ́ọ̀nù 6 ni wọ́n fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ovà 10 àti bọ́ọ̀lù 5 ni wọ́n ti lò. Wọ́n borí, wọn ò sì wọlé. Ìṣirò tí wọ́n fi ń ya ẹgbẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún Bangladesh ní 0.639, ó fún West Indies ní 0.626. Ìyàtọ̀ 0.013 ló ti ilẹ̀kùn ife àgbáyé mọ́ wọn.

A ò sọ pé owó nìkan ló fà á. Scotland gbá eré tiwọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ti dá oko fún ọmọbìnrin láti ìgbà èwe, kì í jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò lójú nígbà ìkórè.

Nǹkan ti ń yí padà o, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé kéde pé ẹ̀bùn ọkùnrin àti obìnrin yóò dọ́gba nínú ìdíje wọn. Lọ́dún 2024, New Zealand fi rọ́ọ̀nù 8 péré na West Indies ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá T20, wọ́n lọ gba ife náà, mílíọ̀nù 2.34 dọ́là ni wọ́n sì kó lọ ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn náà ni àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tọwọ́ bọ ìwé pé owó tí wọ́n ń san fún ọkùnrin àti obìnrin fún eré kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dọ́gba kó tó di oṣù kẹwàá ọdún 2027.

Láti 1973 dé 2027, ọdún 54 nìyẹn. Vivalyn Latty-Scott àti Louise Browne ò gba irú owó bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n sì la ọ̀nà. Tiwa ni pé kí àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé mú àdéhùn ṣẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí owó náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú pátákó lọ́wọ́, nítorí àwọn ni yóò gba ẹrù lórí Matthews.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yin òǹkàwé? Ṣé ó yẹ kí owó obìnrin dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin nínú eré ìdárayá, àbí ẹni tí èrò bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó máa kó èyí tó pọ̀? Ẹ kọ lẹ́tà yín wá. A óò tẹ èyí tó bá sọ ọ̀rọ̀ tó gún régé.