Ìkòkò, Ọparun àti Akèrègbè: Bí A Ṣe Mọ Ìtàkùn Kùrárè

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá yóò ti gbọ́ nípa ìsá, ìtàkùn tí wọ́n ń fi irúgbìn rẹ̀ ṣe oró ọfà. Strophanthus hispidus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ọkàn ni oró rẹ̀ sì ń bá jà. Ní òdìkejì òkun, nínú igbó Amasónì, ìtàkùn mìíràn wà fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkàn ló ń lépa. Ńṣe ló ń dínà mọ́ àṣẹ tí ọpọlọ ń rán sí ẹran ara, tí ẹran ara yóò fi rọ, títí kan èyí tí a fi ń mí. Kùrárè ni wọ́n ń pe oró náà. Mímọ ewéko tó wà nínú rẹ̀ gan-an gba àwọn onímọ̀ ní àkókò gígùn.

Ohun tó ń dé Yúróòpù kò ní ewé, kò ní òdòdó. Ohun dúdú kan ni, tó ki bí ọ̀dà. Ní àwọn ọdún 1890, Rudolf Boehm, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, pín in sí ọ̀nà mẹ́ta nípa ohun tí wọ́n rọ ọ́ sí: ti inú ìkòkò, ti inú ọparun, ti inú akèrègbè. Kò yẹ kí a fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní ohun ìkóǹkansí tirẹ̀ àti ewéko tirẹ̀. Ti inú akèrègbè sábà máa ń wá láti ara Strychnos, pàápàá Strychnos toxifera tí Robert Schomburgk ṣàwárí rẹ̀ ní Gùyánà ní àwọn ọdún 1830. Ti inú ọparun wá láti ara Chondrodendron tomentosum. Ẹbí Loganiaceae ni ti àkọ́kọ́, Menispermaceae ni ti èkejì, àwọn méjèèjì kò sì tan mọ́ ara wọn rárá.

Chondrodendron tomentosum, tí Ruiz àti Pavón, àwọn ará Sípéènì, fún lórúkọ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, le bí igi, ó sì ń gun igi ńlá dé òkè pátápátá. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ọkàn, irun funfun kéékèèké sì bo abẹ́ rẹ̀. Irun yìí ni tomentosum ń tọ́ka sí. Òdòdó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀ sí àwọ̀ ewé. Bíi ti ìbẹ́pẹ, akọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, abo rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Níbí ni ìṣòro wà: ẹni tó gé ìtàkùn nísàlẹ̀ kì í sábà rí òdòdó tó wà lókè téńté, bó bá sì rí akọ, ó ṣì ku abo. Irúgbìn ẹbí yìí sì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ohun tí orúkọ Menispermaceae ń sọ gan-an nìyẹn. Jẹnjókòó ilé wa, Cissampelos owariensis, jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí náà.

Ní 1935, Harold King ní Lọ́ńdọ̀nù fa tubocurarine jáde láti inú kùrárè ọparun kan tó ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láìmọ ewéko tó ti wá. Ní 1943 ni Wintersteiner àti Dutcher rí ohun kan náà nínú Chondrodendron tomentosum. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1942, Harold Griffith àti Enid Johnson ti lo kùrárè fún aláìsàn kan nínú iṣẹ́ abẹ ní Montreal. Ẹ rántí pé oògùn yìí lè dá mímí dúró. Ó ṣòro fún oníṣègùn akunilóorun tí kò bá mọ ewéko tí oògùn rẹ̀ ti wá láti mọ ìwọ̀n tí yóò fún ènìyàn. Ọparun kò lè sọ ọ́ fún un.

Ní Dagenham East, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ìtàn náà yí padà. May & Baker kó ilé iṣẹ́ wọn wá sí Dagenham ní 1934, àwọn ló sì ta Flaxedil ní Bìrìtéènì. Gallamine ni oògùn náà, èyí tí Daniel Bovet àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Párísì ní 1947. Wọ́n wo bí tubocurarine ṣe rí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó rọrùn jù ú lọ, tí kò nílò ìtàkùn kankan. Sanofi ti ilé iṣẹ́ Dagenham náà pa ní 2013.